Kí Ni Ó Ń Mú Tutù? Àlàyé lórí Iṣẹ́ Amáfúnpọ̀tutù nínú Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò

1. Ìfáárà

Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń mú inú ilé tutù di ohun tí ojú Yorùbá mọ̀, orúkọ kò wọ́n wọn láti sọ ọ́. Wọ́n pè é ní amúlétutù. Orúkọ náà pójú owó, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, ó sì sọ ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà sí. Ilé ni ó ń mú tutù. Ọ̀nà kan náà ni àwọn kan gbà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ tí ń mú omi mímu tutù ní amómitutù.

Ṣùgbọ́n ohun èlò kan wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní tí ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè kò bá fura. Òun ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní intercooler. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ pé ohun èlò náà ń mú nǹkan tutù, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń mú tutù, kí ó má baà gbóná kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Rédíétọ̀ ni ó ni iṣẹ́ yẹn. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà amúlétutù inú ọkọ̀ ni. Èyí náà kì í ṣe òtítọ́.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mekáníìkì tí ó bá gbà pé ẹ́ńjìnnì ni ohun èlò náà ń mú tutù kò ní mọ ibi tí yóò ti wá àrùn ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbóná rárá. Omi rédíétọ̀ ni yóò máa wò, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń jò níbòmíràn. Nítorí náà, àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí ohun èlò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fi hàn pé orúkọ tí yóò bá yẹ ẹ́ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: kí ni ó ń mú tutù?

2. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ààrò: bí kò bá sí afẹ́fẹ́, iná kò lè jó níbẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń bá epo jó. Kí kìlógíráàmù kan epo bẹntiróòlù tó lè jó tán pátápátá, ó nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ púpọ̀ ju epo lọ, èyí já sí pé lítà kan epo bẹntiróòlù ń fẹ́ ju 9,000 lítà afẹ́fẹ́ lọ. Epo kọ́ ni ó ṣòro láti rọ sínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ni.

Inú sìlíńdà ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jó, bí sìlíńdà kan sì ti tóbi tó kì í yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ní agbára sí i lè mú kí sìlíńdà tóbi sí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yóò wúwo sí i. Ó sì tún lè wá ọgbọ́n tí yóò fi ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú sìlíńdà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Níhìn-ín ni èrò kan ti wọlé tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú, èyí ni ìki. Yorùbá a máa sọ pé ẹ̀kọ kan ki, òmíràn sì ṣàn. Bí wọ́n bá fi ife kan náà bu méjèèjì, ògì tí ó wà nínú ife ẹ̀kọ tí ó ki yóò pọ̀ ju ti èyí tí ó ṣàn lọ. Bákan náà ni afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá mú àpótí kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan, iye kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìki afẹ́fẹ́ náà. Ìki yìí ni ó ṣe pàtàkì sí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ki tó ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

3. Tọ́bò àti ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́

Alfred Büchi, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ olùdásílẹ̀ ní 1905 lórí ọgbọ́n tí tọ́bò òde òní ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí ó rí ni pé èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ṣì ní agbára nínú. Tọ́bò ní kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ méjì lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo. Èéfín tí ń fi ipá jáde ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń yí, èkejì náà kò lè dúró. Èkejì yìí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti òde, tí ó ń fún un pọ̀, tí ó sì ń tì í lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ kékeré, ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní àfúnpọ̀.

Ìfúnpọ̀ a máa mú kí ìfúnpá afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, ìyẹn ni ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara ohun tí ó sé e mọ́. Ṣùgbọ́n ìfúnpá nìkan kọ́ ni ó ń pọ̀ sí i. Ooru náà ń pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi páńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí ti mọ̀ pé kì í pẹ́ tí ìsàlẹ̀ páńpù fi ń gbóná. Kò sí iná níbẹ̀. Iṣẹ́ tí apá ṣe lórí afẹ́fẹ́ ni ó di ooru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú tọ́bò. Àwọn kan a máa rò pé èéfín gbígbóná tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó ń gbóná ran afẹ́fẹ́. Díẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ fúnra rẹ̀ ni orísun èyí tí ó pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ oníṣirò kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Kí afẹ́fẹ́ òde jẹ́ dígírì 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 100 kilopascal. Ìki irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1.15. Kí tọ́bò wá sọ ìfúnpá náà di 180 kilopascal. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ yóò sọ pé afẹ́fẹ́ tí yóò wọ sìlíńdà ti fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìṣedéédéé iṣẹ́ tọ́bò náà bá jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, àfúnpọ̀ yóò jáde ní nǹkan bí dígírì 109. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin afẹ́fẹ́ ni pé, bí ìfúnpá bá dúró sójú kan, bí ìwọ̀n ìgbóná bá ṣe ń gòkè ni ìki ń lọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n Kelvin ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí. Lórí rẹ̀, dígírì 30 di 303, 109 sì di 382. Bí wọ́n bá ṣe é délẹ̀, ìki àfúnpọ̀ náà yóò jẹ́ 1.64. Ìdá 43 péré ni afẹ́fẹ́ fi pọ̀ sí i, dípò 80 tí wọ́n ń retí. Ó kù díẹ̀ kí ooru jẹ ìdajì èrè tí tọ́bò mú wá.

4. Ìgbiná àìpè

Àdánù yìí nìkan kọ́ ni ìyọnu tí àfúnpọ̀ gbígbóná ń mú wá. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣáná sí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́. Iná náà a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá púlọ́ọ̀gì, a sì máa ràn lọ sí àwọn igun sìlíńdà. Bí àdàlù náà bá ti gbóná jù kí ó tó wọlé, èyí tí iná kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé iná púlọ́ọ̀gì kàn án. A dún bí ẹni tí ó ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, a sì máa ba písítìnì jẹ́ bí kò bá dáwọ́ dúró. Orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún un ni ìgbiná àìpè, nítorí pé iná náà kò dúró kí wọ́n pè é. Kò yẹ kí atúmọ̀ èdè pè é ní nọ́ọ̀kì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, bí mekáníìkì bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ti bàjẹ́ kọjá lílò. Ìgbiná àìpè lè fa irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn kì í ṣe ikú.

Ìtàn ọkọ̀ fi hàn bí ìyọnu yìí ti le tó. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Oldsmobile ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Jetfire jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn. Èkejì ni Corvair Monza ti Chevrolet. Jetfire kò ní ohun èlò tí ń mú àfúnpọ̀ tutù. Dípò rẹ̀, àdàlù omi àti mẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ tí ń wọ ẹ́ńjìnnì. Bí àdàlù náà bá ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí omi tí ń sun jáde lára àmù ti máa ń gbẹ, tí omi inú àmù sì ń tutù. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa rọ àdàlù yìí kún inú táńkì rẹ̀, yàtọ̀ sí epo. Bí ó bá tán, ẹ̀rọ kan a dín agbára tọ́bò kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà kò rántí rọ ọ́. Ní 1963 ni wọ́n ṣe é mọ. Ohun tí ó kù ni ọgbọ́n tí yóò mú àfúnpọ̀ tutù láìjẹ́ pé awakọ̀ ń rọ ohunkóhun sí i.

5. Bí àfúnpọ̀ ṣe ń tutù

Ohun èlò tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà láàárín tọ́bò àti sìlíńdà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò pẹlẹbẹ tí àfúnpọ̀ ń gbà kọjá, àti ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn ihò náà. Afẹ́fẹ́ òde a máa fẹ́ gba àárín àwọn ewé irin yìí bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Ooru a kúrò lára àfúnpọ̀, a wọ ara irin, afẹ́fẹ́ òde a sì gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ méjèèjì kò dà pọ̀ mọ́ra rárá. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, omi ni ó ń gba ooru náà lára irin, tí yóò sì lọ tú u dànù nínú rédíétọ̀ kékeré kan tí ó jẹ́ ti omi yẹn nìkan.

Láti padà sí àpẹẹrẹ òkè yìí, àfúnpọ̀ wọlé ní dígírì 109, afẹ́fẹ́ òde sì jẹ́ 30. Dígírì 79 ni ó wà láàárín wọn. Bí ohun èlò náà bá lè gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, àfúnpọ̀ yóò jáde ní nǹkan bí dígírì 54. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́: bí afẹ́fẹ́ ti ń fún ara rẹ̀ gba àwọn ihò tóóró náà kọjá, ìfúnpá rẹ̀ a dín díẹ̀. Bí 180 bá di 175, ìki àfúnpọ̀ náà yóò jẹ́ 1.86. Ó ti fi ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti afẹ́fẹ́ òde lọ báyìí, dípò 43. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìfúnpá lọ sílẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tí yóò wọ sìlíńdà pọ̀ sí i. Èyí ni kókó tí ó máa ń ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́, òun náà sì ni ó fi hàn pé ìki ni ẹ́ńjìnnì ń wá, kì í ṣe ìfúnpá.

Ààlà kan wà tí irú èyí tí ń lo afẹ́fẹ́ òde kò lè kọjá. Kò lè mú àfúnpọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ òde lọ. Ní ọjọ́ tí oòrùn mú tí afẹ́fẹ́ òde jẹ́ dígírì 35, kò sí bí yóò ti dára tó tí àfúnpọ̀ yóò fi jáde ní 30. Ibi yìí ni ó ti yàtọ̀ pátápátá sí amúlétutù, èyí tí ó lè mú kí inú ilé tutù ju ìta lọ. Bákan náà, bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ tàbí ẹrẹ̀ bá sì dí àárín àwọn ewé irin rẹ̀, bákan náà ni.

Ẹ̀rí tí ó ṣe kedere jù lọ pé ohun èlò yìí kì í ṣe rédíétọ̀ wà lára ọkọ̀ Porsche 911 Turbo ti ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tí ó jáde sí ọjà ní 1975, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.0, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 260. Fún ọdún 1978, wọ́n sọ ọ́ di lítà 3.3, wọ́n sì fi ohun èlò tí ń mú àfúnpọ̀ tutù sí abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Agbára rẹ̀ di ti ẹṣin 300. Títóbi tí ẹ́ńjìnnì tóbi sí i wà lára ohun tí ó fa èyí, ṣùgbọ́n ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi tóbi sí i, nígbà tí agbára rẹ̀ fi ìdá 15 pọ̀ sí i. Wọ́n sì tún lè gbé ìwọ̀n ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà láti 6.5 sí 7, nítorí pé ẹ̀rù ìgbiná àìpè ti dín kù. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ tutù. Kò ní rédíétọ̀ olómi rárá. Síbẹ̀, ó nílò ohun tí yóò mú àfúnpọ̀ rẹ̀ tutù.

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná, nítorí náà ìgbiná àìpè irú ti bẹntiróòlù kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ń jàǹfààní. Afẹ́fẹ́ tí ó ki a jẹ́ kí epo púpọ̀ sí i jó tán. Bí ó bá sì tutù, ooru tí písítìnì ń fara gbá a dín kù, afẹ́fẹ́ olóró tí náítírójìn àti ọ́síjìn ń dà pọ̀ ṣe a sì dín kù nínú èéfín. Ìdí nìyí tí ohun èlò yìí fi wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń ná ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Bí róbà tí ó so ó pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bá ya, àfúnpọ̀ a máa jò dànù, epo kò ní rí afẹ́fẹ́ tó láti jó, èéfín dúdú a sì máa tú jáde bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Omi rédíétọ̀ lè kún dẹ́nu ní àkókò náà.

6. Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Iṣẹ́ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ ìperí múlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ti ẹ̀rọ ọkọ̀ kò sí lára ohun tí ìwé náà dójú lé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun èlò yìí lórúkọ.

Ọ̀nà kìíní ni kí ó yá ọ̀rọ̀ náà lò, kí ó kọ ọ́ ní íńtàkúlà. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí ń mú nǹkan tutù láàárín. Èyí ni ó léwu jù. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni orúkọ Òyìnbó náà ti wá. Wọ́n ń mú afẹ́fẹ́ tutù láàárín ìpele kan àti èkejì. Irú ìfúnpọ̀ onípele méjì bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì Merlin ti Rolls-Royce tí ó gbé ọkọ̀ òfuurufú Spitfire IX fò ní 1942. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onítọ́bò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kò sí ìpele méjì tí ohun èlò náà wà láàárín wọn. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ kan láàárín àwọn Òyìnbó fúnra wọn fara mọ́ orúkọ mìíràn tí ó sọ pé lẹ́yìn ìfúnpọ̀ ni ìtutù ń wáyé. Yorùbá kò ní ìdí kankan láti jogún àṣìṣe ẹlòmíràn.

Ọ̀nà kẹta ni ìṣẹ̀dá, ní ìlànà amúlétutù. Amáfẹ́fẹ́tutù ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Kò burú, ṣùgbọ́n amúlétutù inú ọkọ̀ pẹ̀lú ń mú afẹ́fẹ́ tutù, èyí tí àwọn èrò ọkọ̀ ń mí. Ìyàtọ̀ kò hàn. Bí ó bá jẹ́ àfúnpọ̀ ni wọ́n fi sí ipò afẹ́fẹ́, orúkọ náà di amáfúnpọ̀tutù, ìyẹn ohun tí ń mú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún pọ̀ tutù. Orúkọ yìí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rédíétọ̀ àti amúlétutù. Ó sì tún rán akẹ́kọ̀ọ́ létí ibi tí ooru náà ti wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí lò nìwọ̀nyí:

ìfúnpọ̀: fífi ipá sọ àyè tí afẹ́fẹ́ gbà di kékeré
àfúnpọ̀: afẹ́fẹ́ tí ó ti gba inú tọ́bò kọjá
ìfúnpá: ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara ohun tí ó sé e mọ́
ìki: ìwọ̀n kìlógíráàmù ohun kan nínú àyè tí wọ́n ti wọ̀n
ìgbiná àìpè: gbígbiná tí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ń gbiná fúnra rẹ̀
amáfúnpọ̀tutù: ohun èlò tí ń gba ooru lára àfúnpọ̀ kí ó tó wọ sìlíńdà

7. Ìkádìí

Tọ́bò a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè rí púpọ̀ sí i jẹ, ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ kan náà a máa mú kí afẹ́fẹ́ gbóná, ooru a sì gba lára èrè náà padà. Amáfúnpọ̀tutù ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ooru jẹ padà fún ẹ́ńjìnnì. Olùkọ́ tí ó bá ti fi páńpù kẹ̀kẹ́ àti ife ẹ̀kọ ṣàlàyé méjèèjì kò ní ṣòro fún láti dé ibẹ̀. Ilé ni orísun orúkọ rere, Yorùbá sì gbà pé orúkọ a máa ro ènìyàn. Bí orúkọ bá lè ro ọmọ, a jẹ́ pé ó lè ro òye akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Bí orúkọ ohun èlò bá ti sọ ohun tí ó ń mú tutù, ìdajì ẹ̀kọ́ ti parí kí olùkọ́ tó la ẹnu.